Alàájì Kò Gbéyàwó, Ẹṣin Rẹ̀ Ló Ń Wá Ọkọ Fún

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà pariwo. Wọ́n ní Alàájì tó ń ta páàtì ọ̀kadà fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn wá láti Bida. Gbogbo Ọjà Kure ní Minna níbí ló ti mọ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn aláta títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ike. Èmi tí mo jókòó jẹ́ẹ́ nídìí ọkà bàbà àti èèrí mi, mo ti gbọ́ ọ ní oríṣi mẹ́ta kí oòrùn tó dé àtàrí. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọmọ ìjòyè Núpé ni ìyàwó náà. Ẹni kejì ní opó ni, ó nílé lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Aláta ló gbé ẹ̀kẹta wá: ó ní oyún ti wà níbẹ̀, ìbejì sì ni. Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ kì í dọ́wọ́ obìnrin yẹn kó má bí ìbejì.

Èmi ni mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí inú ilé kan náà ni èmi àti Alàájì jọ ń gbé ní Bosso. Ògiri kan ló là wá láàárín, ògiri náà ò sì nípọn. Lóru ọjọ́ kan báyìí, Alàájì wà lórí fóònù. Ẹ sì mọ̀ pé tí Alàájì bá ń bá ará Bida sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń pariwo bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ohùn rẹ̀ máa fi rìn débẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ rèé, tí ìyàwó rẹ̀ náà sì gbọ́:

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣì wà láyé? Ẹ jọ̀ọ́, ìyá rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Rárá o, mi ò ní san kọ́bọ̀ àfi tí mo bá rí i kó rìn níwájú mi. Kó la ẹnu kí n wo eyín rẹ̀. Ìdí ńkọ́, ó kún dáadáa? Kì í buni jẹ, àbí?"

Níbi "kì í buni jẹ" yìí ni ìyàwó ilé figbe ta. Ó ní òun ti gbọ́ nípa orogún oríṣiríṣi, èyí tó ń ṣépè, èyí tó ń jí ẹran inú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ní láti kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ń buni jẹ, kò ní bá òun gbé inú ilé kan. Kí n tó wọ bàtà, ó ti di ẹrù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àbúrò rẹ̀ tó ń ta aṣọ ti gbọ́. Àbúrò rẹ̀ ló sọ fún Ìyá Aláta. Ibi tí ìbejì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ẹṣin ni o! Akọ ẹṣin ni Alàájì ń wá, fún abo ẹṣin rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa.

Ẹ ò mọ ẹṣin náà? Pupa rúsúrúsú, funfun kékeré kan níwájú orí, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ sáà má gbàgbé àpò èèrí sítòsí rẹ̀. Kò ga, tó bá dúró, èjìká rẹ̀ ò kọjá àgbọ̀n mi, èmi gan-an ò sì ga. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rí ilẹ̀ gbọọrọ. Ní Iléyá tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin kó ẹṣin wọn jáde, àwọn ẹṣin gíga tí wọ́n rà lówó gọbọi. Kí wọ́n tó já ìjánu gbà dáadáa, tiwa ti dé ìdí igi mángòrò, ó ti ń wá ohun tó máa jẹ. Ọjọ́ yẹn ni Alàájì ti ní òun máa gba ọmọ lára rẹ̀, ọmọ tó máa sáré, tó máa mọ̀ ọ́n yí, tí àwọn tó ń gbá pólò ní Kaduna àti Abuja máa wá bẹ òun kí òun tà fún wọn dípò kí wọ́n máa kó ẹṣin wá láti Ajẹntínà.

Èrò yẹn ò burú. Ọkọ tó máa fẹ́ fún un ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yà síbì kan ná, mò ń bọ̀. Ìlọrin ni Alàájì ti wá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ Ìlọrin sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n á fi pa ọjà, ẹ sáà dárúkọ ẹṣin. Bàbá Ìbàdàn tó ń ta bàtà lójúkojú wa ni kì í jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Kí Alàájì tó sọ pé orí ẹṣin ni wọ́n bí àwọn baba ńlá òun sí, bàbá yẹn á ti ní, "Èyí tí wọ́n gùn dé Òṣogbo ní 1840 ńkọ́?" Ìbàdàn ló ká wọn mọ́ lóru níbẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ẹṣin jà nínú òkùnkùn? Tí Alàájì bá ń wá èsì, bàbá á tún fi ti Jálumi lé e, 1878, nígbà tí wọ́n sá dé etí odò Ọ̀tìn, afárá ti já, odò sì kún. Alàájì á wá bínú, á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè so ẹṣin mọ́ ẹ̀yìn ilé fún ọdún méjì kó má kú!"

Òtítọ́ sì wà níbẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jọba lórí ilẹ̀ tó pọ̀. Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, tí àwọn kan ní obìnrin ni, wà lára àwọn tí ìtàn ń yìn fún ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Ṣùgbọ́n láti apá ilẹ̀ Núpé àti òkè ọ̀hún ni wọ́n ti ń ra ẹṣin, ọdọọdún ni wọ́n sì ń rà. Eṣinṣin tsetse tó ń gbé àìsàn wọ ẹran lára ni kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ ní ìsàlẹ̀. Bí ẹṣin bá ń kú lọ́wọ́ ẹ, owó lo ń wá, o ò ráyè wá àna fún un. Àwọn tó wà lókè, tí ẹṣin ń bímọ lọ́wọ́ wọn láti ìran dé ìran, àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń yan akọ. Ìdí nìyẹn tí Alàájì fi pe Bida, tí kò pe Ìlọrin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún fẹ́ bi mí pé kí lèmi ń ṣe ní Minna, ojú irin ni. Kí wọ́n tó da Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá ní 1914 ni ojú irin tó ti Èkó bọ̀ ti pàdé èyí tó ti Baro létí odò Ọya bọ̀, ní Minna níbí. Bàbá bàbá mi bá ọkọ̀ ojú irin wá, kò bá a padà. Ọjà tí mo sì jókòó sí yìí, orúkọ Abdulkadir Kure ni wọ́n fi ń pè é, ẹni tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Niger láti 1999 sí 2007. Tẹ́ ẹ bá wá, ẹ máa rí àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n gbé ẹrù lé èjìká, wọn kì í gbé e lé orí. Ìdì igi ńlá báyìí, lórí èjìká kan! Mo gbìyànjú rẹ̀ rí, ọrùn mi wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ ẹṣin.

Ọmọ àbúrò mi kan wà ní Houston. Nọ́ọ̀sì ni. Kò gun ẹṣin rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ra fìlà darandaran àti bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó sì ti lọ wòran ẹṣin ní Fort Worth, ó wá di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin. Òun ló fi fídíò ránṣẹ́ sí Alàájì lórí WhatsApp. Ẹ wo ẹṣin! Àyà rẹ̀ fẹ̀, itan rẹ̀ kì pọ́pọ́, ó ń dúró lójú kan, ó sì ń yí gbirigbiri níwájú màlúù, màlúù ò mọ ibi tó máa sá gbà. Quarter Horse ni wọ́n ń pè é. Alàájì wo fídíò yẹn títí tí bátìrì fi kú. Ó ní kí n bá òun fi fóònù sójú iná nínú ìsọ̀ mi.

Bí ọmọ yẹn ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe ìjọba lórí Virginia, pápá ìsáré ńlá ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré, ìdámẹ́rin máìlì péré, bíi mítà 400. Wọn ò wá ẹṣin tó máa sáré títí dé ìlú kejì. Èyí tó máa fò kúrò lójú kan náà kí ẹlòmíràn tó mí ni wọ́n ń wá. Láàárín 1750 sí 1760, wọ́n gbé akọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Janus wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì kún ìgbèríko. Ní 1940 ni àwọn olówó ẹṣin dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Texas, wọ́n ṣí ìwé ìdílé fún ẹṣin. Akọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Wimpy ló gba nọ́ńbà kìíní nínú ìwé náà, torí òun ló borí níbi ìfihàn ní Fort Worth ní 1941.

Bàbá Ìbàdàn ní, "Ẹṣin ti gba nọ́ńbà láti 1941, èmi ṣì ń sáré NIN kiri!"

Alàájì ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ṣírò. Ọmọ Houston ní kò pọn dandan kí wọ́n gbé ẹṣin wọ ọkọ̀ òfuurufú, pé wọ́n lè gba àtọ̀ rẹ̀ nìkan, kí wọ́n fi sínú ike tín-ín-rín, kí wọ́n rì í sínú nitrogen olómi, òtútù ìwọ̀n 196 sábẹ́ òdo, kó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Ìyá Aláta tó ti yọ́ wọ ìsọ̀ mi láìkí ẹnikẹ́ni ní, "Àtọ̀ ẹṣin nínú fíríìsà? Ẹja títọ́ọ̀sì tèmi, tí NEPA bá mú iná lọ lánàá, òórùn rẹ̀ ti dé Chanchaga lónìí!" A ṣàlàyé títí fún un pé agolo nitrogen ò lo NEPA. Ó ní kí la wá ń retí tá ò fi kó ẹja òun síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi: èmi ò fara mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹṣin òyìnbó ò dáa. Mo kàn bi Alàájì pé, "Ìwé tó máa wọlé ní ẹnubodè ńkọ́? Dókítà ẹran tó máa mọ wákàtí tí ẹyin máa jáde lára abo, tó máa fi ẹ̀rọ yẹ inú rẹ̀ wò, ta lẹ ti bá sọ̀rọ̀?" Ó ní òun á wá a. Ó ń wá a síbẹ̀.

Ọmọ yunifásítì FUT kan tó máa ń wá ra èèrí lọ́wọ́ mi ló là á lójú. Ẹran ọ̀sìn lọmọ náà ń kọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́, á dọ̀bálẹ̀ kó tó ná ọjà, mo sì máa ń dín owó kù fún un nítorí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn nìkan. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti béèrè ìdílé rẹ̀?" Ó wá sọ ìtàn ẹṣin kan tó ń jẹ́ Impressive.

Ọdún 1969 ni wọ́n bí i. Ẹwà ara rẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ. Ní 1974 ó di aṣíwájú àgbáyé láàárín àwọn akọ Quarter Horse tí wọ́n ń mú dúró lásán kí wọ́n wo ìrísí wọn. Gbogbo ayé bá ń kó abo ẹṣin lọ bá a. Ọmọ tó bí lé ní 2,000. Kò pẹ́, ara àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹṣin á wà ní dídúró, iṣan rẹ̀ á kàn máa hó lábẹ́ awọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á yẹ̀, òmíràn á ṣubú, òmíràn á kú. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ rí i pé àbùkù kan wà nínú ohun tó ń darí iyọ̀ nínú iṣan wọn, àti pé ọ̀dọ̀ Impressive ló ti ṣàn wá. HYPP ni wọ́n ń pè é. Kò nílò bàbá àti ìyá, ẹyọ òbí kan tó láti fún ọmọ. Oúnjẹ tí potassium bá pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń ru ú dìde. Láti 2007, ẹgbẹ́ yẹn ò kọ orúkọ ọmọ tó bá gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì mọ́.

Ìsọ̀ mi dákẹ́. Àfi Ìyá Aláta tó ń sọ pé, "Mo mọ̀! Ọkùnrin tó bá ti lẹ́wà jù!"

Ọmọ FUT ní òmíràn tún wà, HERDA, èyí tí awọ ẹ̀yìn ẹṣin á máa ṣí tí wọ́n bá di gàárì mọ́ ọn. Ìdílé ẹṣin olókìkí Poco Bueno ni wọ́n ti tọpa rẹ̀ dé. Ti èyí yàtọ̀ o: bàbá gbé e pamọ́ sára, ara rẹ̀ le, ìyá gbé e pamọ́ sára, ara rẹ̀ le, ọmọ wọn ló máa jìyà rẹ̀. Ló bá wò wá lójú. Gbogbo wa ló yé lẹ́ẹ̀kan náà. AS àti AS! Ní mọ́ṣáláṣí wa, ìmáàmù ò ní so yìgì fún ẹni tí kò bá mú ìwé ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹṣin náà ní irú ìwé yẹn. Irun gọ̀gọ̀ díẹ̀ tí wọ́n fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ń ta akọ tí kò fi èsì rẹ̀ hàn yín, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó pa Alàájì lẹ́nu mọ́ gan-an kì í ṣe àrùn. Ọmọ náà bá a lọ sẹ́yìn ilé, ó ní kí wọ́n mú ẹṣin dúró lórí ilẹ̀ títẹ́, ó sì na ọ̀pá gígùn kan láti orí èjìká rẹ̀ dé orí ìdí. Ọ̀pá dà síwájú. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ìdí rẹ̀ ga ju èjìká lọ. Ìyẹn ló fi ń ta kìjí kúrò lójú kan. Ọ̀pọ̀ Quarter Horse ló rí bẹ́ẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá fi irú rẹ̀ gùn ún, ọmọ máa yá ní mítà 400, ṣùgbọ́n orí ẹsẹ̀ iwájú ni gbogbo ara rẹ̀ máa wà. Tó bá fò, ibẹ̀ ló máa balẹ̀ sí. Tó bá ń dúró lójijì fún pólò, ibẹ̀ ló máa fi gbà á. Kò ní pẹ́ tó fi máa tiro." Ó ní akọ tí èjìká rẹ̀ ga, tí pátákò rẹ̀ gbòòrò, ni kí wọ́n wá fún eléyìí, ìbáà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ ará Bida.

Alàájì ní, "Ṣé kí n wá èyí tó ga gan-an ni?" Ìyá Aláta ní kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọmọ máa tóbi jù, á pa ìyá rẹ̀ níbi ìrọbí. Ọmọ FUT ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Walton àti Hammond, dán an wò ní Cambridge, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1938. Wọ́n fi akọ ẹṣin Shire, tó wà lára àwọn tó tóbi jù lọ, àti abo Shetland tí kò ga ju ewúrẹ́ ńlá lọ púpọ̀, ṣe ìdílé. Wọ́n tún fi akọ Shetland àti abo Shire ṣe é. Ikùn ìyá ló pinnu bí ọmọ ṣe tóbi tó níjọ́ tí wọ́n bí i. Ìyá kékeré bí ọmọ kékeré. Ìyá Aláta ní òun ò bá Cambridge jiyàn, ṣùgbọ́n kí ni abo Shire rí sí akọ tí kò ga ju ewúrẹ́ lọ? Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un.

Alàájì bá fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó pe Bida. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ibẹ̀. Èmi ń lọ ra ìrẹsì tèmi, ẹ má rò pé tojúbọ̀ ni mo bá wọn lọ. Ó kàn jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà la wọ̀.

Akọ méjì ni alárenà tó mú wa dé ibẹ̀ fi hàn wá. Èkínní jáde bí ọba. Wọ́n ti fi awọ aláràbarà àwọn oníṣẹ́ Bida di í ní gàárì, òwú pupa rọ̀ wálẹ̀ láyà rẹ̀, ide ń dún lọ́rùn rẹ̀. Ó ká ọrùn, ó ń jó, itọ́ funfun ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ojú Alàájì ti ń tàn. Olówó rẹ̀ ní níwájú Etsu Nupe ló ti jó ní ọjọ́ ọdún. Alárenà náà, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀. Olówó rẹ̀ ò fẹ́. Àgbà náà dúró. Nígbà tí wọ́n gbé gàárì kúrò, egbò àtijọ́ méjì wà lórí èjìká. Ó fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sókè, ó fi ọ̀bẹ kékeré họ ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ kúrò lábẹ́ pátákò, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀. Ẹṣin já ẹsẹ̀ gbà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún já a gbà. Àgbà náà sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọ̀bẹ sí ṣòkòtò, ó ní ká máa lọ sí ilé kejì.

Ilé kejì ò lẹ́wà. Akọ eléérú kan ló wà lábẹ́ igi, ó ń jẹ ewé ẹ̀pà gbígbẹ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Àgbà náà la ètè rẹ̀, ó fi eyín hàn Alàájì. Ẹnu ti kún, ó ti lé ní ọdún márùn-ún, torí ọdún márùn-ún ni eyín iwájú ẹṣin máa ń pé. Ohun tó sọ ọ́ di akọ pé méjì, ó sì wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ká wò ó, mo wò ó. Wọ́n mú un rìn lọ rìn bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tààrà, kò tiro, kò kọsẹ̀. Ọmọdé kan bọ́ sábẹ́ ikùn rẹ̀ lọ mú bọ́ọ̀lù rẹ̀, ẹṣin ń jẹ ewé rẹ̀ lọ. Alàájì na ọ̀pá tirẹ̀ (ó ti gbé ọ̀pá láti Minna o, nínú bọ́ọ̀sì èrò!), èjìká ga ju ìdí lọ dáadáa.

Wọ́n wá mú wa lọ wo ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Àgbà ẹṣin, ojú ti jìn, ẹ̀yìn ti rì, ṣùgbọ́n orókún rẹ̀ mọ́ lóló, kò wú níbì kankan. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ akọ náà wà ní àdúgbò: ọ̀kan ń sáré ọdún, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé tó ń gùn ún láìsí gàárì, ẹ̀kẹta ṣì ń mu ọmú. Gbogbo ẹsẹ̀ méjèèjìlá ló tọ́. Kò sí ìwé ìdílé, kò sí nọ́ńbà kìíní, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìwé máa sọ ló wà lórí ìdúró níwájú wa. Lójú tèmi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti parí.

Alàájì ṣì ń wẹ̀yìn wo ọ̀nà ilé àkọ́kọ́. Mo rí i. Àwọn ọkùnrin!

Ó gba eléérú náà. Dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ lára akọ àti abo kí wọ́n tó pàdé, torí àìsàn kan wà tó bá ti eṣinṣin tsetse tan, àmọ́ tí kò nílò eṣinṣin, nídìí gígùn gan-an ni ẹṣin ti ń kó o ran ara wọn. Ara àwọn méjèèjì mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé abo lọ sí Bida, gbogbo ilé ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan da omi síwájú ọkọ̀. Ìyàwó Alàájì, tó ti padà wálé nígbà tó rí i pé orogún òun ní irù, ló di àgbàdo sínú ọ̀rá fún un pé kó jẹ ẹ́ lọ́nà. Ṣe ni mo wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Abo ẹṣin tí kò bá lóyún máa ń tún wá akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21. Ọjọ́ 21 kọjá, ó kẹ̀yìn sí akọ, ó fẹ́ ta á nípàá. Dókítà ní ó ti dúró. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n ń gbé e. Ọ̀kan ló wà níbẹ̀, Ìyá Aláta, ọ̀kan ṣoṣo. Ìbejì kì í sábà yè nínú ẹṣin, ẹ yé sọ ọ́ káàkiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ kí ìyàwó Alàájì kú orogún, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní akọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ bọ́ gàárì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè wá wò ó. Ní ti Alàájì, ẹ bá mi sọ fún un pé owó èèrí oṣù méjì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, aboyún náà ò sì tíì dín oúnjẹ kù.